Ẹni Tí Mo Pè Jẹun Nínú Ọkọ̀ Ológun

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà pè mí ní alálàá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Hyde Park, ní Amẹ́ríkà níbí. Mo ti pa ojú òkú dé ju iye tí mo lè kà lọ. Mo ti dá wà pẹ̀lú òkú nínú yàrá, tí mò ń nu ara rẹ̀, tí mo sì ń ro ohun tí màá sè lálẹ́. Òkú ò bà mí lẹ́rù. Kò bà mí lẹ́rù rí.

Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán tí ẹ ní irọ́ ni, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Àwọn ará ilé mi gan-an ní irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Houston ní owú ọkọ̀ ló ń jẹ mí. Àfáà tí mo lọ bá ní kí n túbọ̀ máa gbàdúà, kí n sì dín night shift kù. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni, oòrùn ń ta lórí wa.

Ọ̀dọ̀ ọkọ mi, Bàbá Simi, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ ẹlòmíràn, bó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, á lọ kọ́lé sílé. Òmíràn á lọ fẹ́ ìyàwó kékeré. Ọkọ tèmi ra ámbúláǹsì ológun.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Kì í ṣe irú èyí tó ń gbé aláìsàn wá bá wa ní ilé ìwòsàn. Ti àwọn sójà Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi ń kó àwọn tí ìbọn bà kúrò lójú ogun. Ó ga, ó rí gàǹgà, àwọ̀ ewé tó ti ṣá ni wọ́n kùn ún, àgbélébùú pupa ńlá wà lára rẹ̀. Bẹ́ǹṣì gígùn wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, níbi tí wọ́n ń tẹ́ àwọn tó fara gbọgbẹ́ sí. Ó ń rùn fún petiróòlù àti kánfáàsì tó ti gbó. Kò ní kọ́kọ́rọ́ pàápàá. Suwíìṣì kan ni wọ́n ń yí, á sì dáhùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi máa ń fi ẹ̀wọ̀n so stíárìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á sì fi àgádágodo tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà kàn gun orí rẹ̀ kó wà á lọ.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan níbí, àwọn tó fẹ́ràn irú ọkọ̀ yìí. Ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ti kú ni wọ́n ti ń rí i rà, lábẹ́ tapólì, nínú ahéré. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò ó padà, wọ́n á wá gbé e lọ sí pápá kí àwọn èèyàn wá wò ó. Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ṣe sójà rí. Ọkọ mi nìkan ni ọmọ Yorùbá láàárín wọn. Kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀. Computer ló ń tún ṣe ní ọ́fíìsì.

Bí omi bá ń jò lábẹ́ síǹkì ilé wa ní Lansing, èmi ni mò ń wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà lè tú kábúrétọ̀ sórí tábìlì tí mo ti ń jẹun, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ títí á fi máa dán. Ó háyà ilé onípáànù kan lẹ́yìn ìlú tó ń gbé e sí. Ibẹ̀ ló ń lọ ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun àsùbá. Èmi tí mo ti ṣe shift láti ọjọ́ Ajé, tí mò ń retí Sátidé kí n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀, èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ máa ń wà.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo kórìíra ọkọ̀ yẹn. Mo bú u lójú ọkọ mi, mo bú u lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ìyá ní mọ́ṣáláṣí, mo sọ fún àwọn ẹbí lórí fóònù, pé kí wọ́n bá mi sọ fún un kó tà á. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ìyẹn ló padà ṣe àkóbá fún mi.

Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó dákú lójijì níbi iṣẹ́. Dókítà sọ fún un lójú mi pé kó má gbé ohun tó wúwo mọ́, kó má bínú, kó má fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Ó ń mi orí bí ọmọ dáadáa. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá a lábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi àyà gbé táyà.

Ó ká mi lára. Mo jókòó nínú mọ́tò mi níta ilé onípáànù yẹn, mo sunkún dáadáa. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ ojú opó. Mo máa ń rí wọn níbi iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń di báàgì bàtà ọkọ wọn mú ní corridor tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa yà sí. Mi ò fẹ́ di ọ̀kan nínú wọn. Mo ní bí mi ò bá lè gba ọkọ mi lọ́wọ́ irin yẹn, èmi náà á máa bá a lọ síbikíbi tó bá ń gbé e lọ, kí n máa ṣọ́ ọ.

Bí mo ṣe wa mọ́tò wa tẹ̀ lé e lọ sí pápá ní ọjọ́ Memorial Day nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ń rántí àwọn sójà wọn tó ti kú ni. Pápá yẹn kò jìnnà sí ààlà Indiana. Jíìpù, tírélà, ọkọ̀ oníkánfáàsì oríṣiríṣi, gbogbo wọn tò lọ bẹẹrẹ nínú koríko. Àwọn ọmọdé ń gun orí wọn, àwọn bàbá arúgbó nínú yúnífọ́ọ̀mù ń rìn kiri pẹ̀lú ọ̀pá. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo ọkọ̀ náà á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àárín ìlú kọjá. Parade ni wọ́n ń pè é.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n ní kí ọkọ mi síwájú. Dale, ọkùnrin oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó jẹ́ olórí wọn, ló fúnra rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ẹ ò rí inú Bàbá Simi bó ṣe ń dùn. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ra fìlà tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n rán aṣọ Iléyá fún. Láti ọdún gbọọrọ tí a ti wà ní ìlú yìí, mi ò rí i kí wọ́n fi í síwájú ohunkóhun rí. Inú èmi náà dùn díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Ooru mú lọ́jọ́ náà. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ámbúláǹsì níbi tí òjìji wà, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè wọlé. Ọkọ mi ti lọ bá Dale ní ọ̀ọ́kán. Mo ṣí kúlà mi, mo mú mọ́ínmọ́ín jáde àti ẹja díndín. Ebi ti ń pa mí.

Mò ń tú ewé mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ni mo rí i tí ẹnì kan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Òyìnbó ni, àgbàlagbà, ó ga, ó tín-ínrín. Ó wọ kóòtù sójà oníwúùlù, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Mi ò fura. Ṣebí mo ti sọ fún yín pé wọ́n kún ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń wo ọwọ́ mi àti oúnjẹ tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe rí. Wọn ò kọ́ wa pé ká máa jẹun lójú èèyàn ká má pè é. Ẹnu á ti sọ ọ́ kí ọpọlọ tó mọ̀. "Ẹ wá jẹun o, sà," ni mo wí.

Nílé wa, ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ á ní, "Á gba ibi ire o," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ló ń jókòó ti irú ìpè yẹn? Àpọ́nlé lásán ni. Kódà bó bá jókòó, inú rẹ ò ní dùn.

Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí mi.

Ọkọ̀ náà ò mì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé bí Simi ọmọ mi bá gùn ún báyìí, Simi tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, á dún kíìkíì, á sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ti pè é. Mo gbé mọ́ínmọ́ín kan àti ẹja sínú àwo pépà, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó gbé e lé orúnkún, ó tẹrí bà á bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò fi ọwọ́ bu ú. Kò ki fọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́. Ó kàn tẹrí bà á bẹ́ẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Mo wò ó dáadáa. Èmi ń làágùn, ìborùn mi ti tutù rẹ̀rẹ̀. Bàbá tó wọ wúùlù nínú ooru yẹn, kò sí òógùn kan lójú rẹ̀. Eṣinṣin tó ti ń yọ mí lẹ́nu látàárọ̀, kò sí ọ̀kan tó lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó wá sí mi lọ́kàn. Yorùbá ni mo fi pè é. Mi ò sọ òyìnbó kankan. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó sì gbọ́, ó sì wá jókòó.

Ara mi bù máṣọ. Orí mi wú.

Ó gbé ojú sókè. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tí ọ̀fun ń dùn lọ. "Ẹ ṣé o," ló wí. "Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń ya fọ́tò nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí jẹun rí."

Ẹ má bi mí pé èdè wo ló sọ. Títí di òní, mi ò lè sọ. Mo kàn mọ̀ pé ó yé mi.

Mo ní, "Bàbá, ta ni ẹ̀ ń wá?"

Ó na ìka sí ọkọ mi níta, tí òun àti Dale jọ ń rẹ́rìn-ín níwájú jíìpù kan. "Ọkọ yín nìyẹn," ló wí. Kò bi mí o, ó sọ ọ́ ni. "Mo ti jẹun yín, ó burú kí n dákẹ́. Ẹ má jẹ́ kó wa ọkọ̀ yìí lọ sí parade. Bó bá lọ, kò ní padà wálé."

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti dé. Ó gun ọkọ̀, ọkọ̀ mì, ó dún kíìkíì, ó sì jókòó. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ló jókòó sí. Bàbá náà gbé àwo sílẹ̀, ó sún fún un, bí wọ́n ṣe máa ń sún fún èèyàn nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n wá jókòó ní èjìká sí èjìká, ọkọ mi ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀, ẹni kejì ń wo ojú mi.

Mo di etí bẹ́ǹṣì mi mú gírígírí.

"Kí ló dé tí ibí tutù báyìí?" ni Bàbá Simi wí. Ó ń fọwọ́ ra apá rẹ̀. Ó rí àwo oúnjẹ lórí bẹ́ǹṣì, ó rò pé òun ni mo bù ú fún. Ó gé e, ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ sì fà ro. "Ṣé o gbàgbé iyọ̀ ni?"

Mi ò gbàgbé iyọ̀. Èmi! Mo gé díẹ̀ nínú àwo yẹn, mo fi sẹ́nu. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí ẹ̀wà pàápàá. Ńṣe ló dà bíi pé mò ń jẹ pépà tó rin. Mo sáré tú òmíràn láti inú kúlà, mo jẹ ẹ́, ata rẹ̀ ta mí lẹ́nu, iyọ̀ rẹ̀ pé. Ìkòkò kan náà ni. Ọwọ́ èmi kan náà ló sè é.

Nígbà tí mo máa gbé ojú sókè, ọkọ mi nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ni mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn o. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin. Mo tiẹ̀ rò pé ó gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

"O pariwo pariwo, kò ṣiṣẹ́," ló wí. "Ó wá kan iwin."

Mo ní, "Bàbá Simi, mo fi Ọlọ́hun búra."

"Má fi Ọlọ́hun ṣeré. Lónìí? Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n síwájú?" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ gba àsíá tí wọ́n máa so mọ́ iwájú ọkọ̀.

Ẹ sọ fún mi, kí lẹ̀yin ò bá ṣe? Mo bá ara mi sọ̀rọ̀ bí nọ́ọ̀sì. Mo ní ooru ni, mo ní àìsùn ni, mo ní kí n lọ mu omi. Mo mu omi. Pépà tó rin yẹn ṣì wà lẹ́nu mi.

Ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ wà lórí síìtì iwájú, àgádágodo wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àgádágodo. Mo ki ẹ̀wọ̀n náà bọ inú stíárìn, mo fà á gba ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀, mo tì í pa. Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Mo rìn lọ síbi tí wọ́n to àwọn ilé ìgbẹ́ oníke sí lẹ́yìn pápá, mo wọ ọ̀kan, mo ju kọ́kọ́rọ́ náà sínú ihò. Mo gbọ́ nígbà tó bọ́ sínú ohun tó bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó lọ mú un níbẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọkọ mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bí wọ́n ṣe máa ń pè é, bí ẹni tí eyín ń dùn. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ti ń hó. Ó fò sókè sí iwájú ọkọ̀, ó rí ẹ̀wọ̀n. Ó jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Ó wá yíjú wò mí.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Mo ti sọ ọ́ nù. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa bínú, ṣùgbọ́n ẹ máa wà láàyè."

Wọ́n sáré kiri, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n lè fi gé irin. Kí wọ́n tó rí i, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń fun fèrè. Dale na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pátá, àwọn awakọ̀ ń wò ó. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dúró nínú koríko, ó di àsíá mú, ó gbé fìlà tuntun yẹn sórí. Mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí, títí kan ọjọ́ tí wọ́n pè é láti ilé pé ìyá rẹ̀ ti lọ. Mo rí i lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n gé ẹ̀wọ̀n tán, ó fẹ́ wà á lọ sílé. Mo kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo òyìnbó, mo ní àfi kó gun orí mi kọjá. Dale ló bá wa dá sí i, ó ní kí wọ́n gbé ámbúláǹsì náà sórí tírélà òun. Ọkọ mi wọ mọ́tò Dale. Èmi nìkan ni mo wa mọ́tò wa padà.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni ní parade yẹn, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n jẹ họ́t dọ́ọ̀gì. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Dale yẹ ọkọ̀ náà wò látòkè délẹ̀. Bíréèkì dára. Táyà dára. Ẹ́ńjìnnì ń kọrin. Kí ni mo fẹ́ nawọ́ sí pé, ẹ wò ó, ohun tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí?

Kò padà wálé. Mo rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Ó ní kí Simi kó aṣọ òun wá sí ilé onípáànù yẹn. Ó ní òun ò lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó dójú ti òun láwùjọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti Ìbàdàn, kò gbé e. Èmi ni wọ́n wá ń bá wí. Ìyàwó wa, nítorí ọkọ̀ lásán! Ìyàwó wa, ṣé sùúrù ti tán nílẹ̀ ni? Tí mo bá ti dárúkọ bàbá oníkóòtù yẹn, ìdí fóònù á kàn dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Èmi náà máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn bá sọ fún mi pé ìyá òun tó ti kú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Simi, ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní downtown, ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ní Sunday kan, ó dé, kò bọ́ bàtà, ó kàn jókòó sí kíṣìnì mi.

"Mummy, is Daddy okay? Àwo méjì ló ń lò."

Mo ní, "Báwo?"

"He shares the food into two. Mo rò pé èmi ló bu ìkejì fún. Mo fẹ́ jókòó, he said no, not there." Ó ń ré èékánná rẹ̀ jẹ. "Lẹ́yìn náà ó jẹ èyí tó kù nínú àwo kejì. He said ó ti mọ́ òun lára pé kì í dùn."

Mo bi í pé ṣé ó sanra àbí ó rù.

"Ó rù gan-an. But he's happy, Mummy. He laughs."

Gbólóhùn yẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ máa wò ó.

Mo gbé oògùn ọkàn rẹ̀ tó gbàgbé sílé, mo sì lọ fúnra mi. Ọ̀sán ni. Kí n tó kanlẹ̀kùn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Yorùbá ló ń sọ, ó ń dà á sílẹ̀ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, tí a ò ní ju mátírẹ́ẹ̀sì kan lọ, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wa dé òwúrọ̀. Á béèrè nǹkan, á dákẹ́ díẹ̀, á wá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ohùn ẹni tó ń dá a lóhùn.

Mo kanlẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà dáwọ́ dúró gọ́n.

Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti tín-ínrín nínú ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó. Mo ní, "Oògùn yín rèé." Ó gbà á. Ó ní, "O ṣé."

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó tún wò mí, kì í sì í ṣe ìbínú mọ́, ó dà bíi pé àánú mi ń ṣe é. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Máa lọ sílé," ló wí. "Bàbá ò fẹ́ kó o wọlé."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó fi irin há a.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mò ń fi oògùn rán Simi, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ń lò ó. Kò lọ sí parade. Kò sì padà wálé. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa rò ó pé, ṣé òótọ́ ni ikú wà lọ́nà lọ́jọ́ yẹn, tí mo sì yà á kúrò níbẹ̀? Àbí kò sí nǹkan kan lọ́nà, tó jẹ́ pé ẹnì kan tó ti dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ogun tí mi ò mọ̀ ló ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀, tó rí ìyàwó tí ẹ̀rù ń bà, tó sì fi ẹ̀rù náà rán mi níṣẹ́?

Opó ń rí ẹni kí i. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á bá a jókòó. Èmi, kò sẹ́ni tó ń kí mi kú ohunkóhun, torí ọkọ mi wà láàyè.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń lọ ra irin lẹ́yìnkùlé òkú, ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn jókòó sínú rẹ̀ láti jẹun, ẹ jẹun yín kí ẹ dákẹ́. Bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá sì gbà yín nímọ̀ràn rere níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun fẹ́ jẹ nídìí rẹ̀. Èmi ò bi í. Àwọn tó gbà mí gbọ́, wọn ò pọ̀, wọ́n máa ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́, pé mo gba ọkọ mi lọ́wọ́ ikú. Ó dáa. Ta ni mo wá gbà á fún?